Orúkọ ìyá kò sí lórí káàdì ọmọ: àlàyé lórí adójútòfò ìlera fún àwọn àgbà l'Ékòó

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina tàbí Victoria Island, tí ilé iṣẹ́ wọn ń san owó HMO (ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera) lé wọn lórí, ló gbà pé bí àìsàn bá kọlu ìyá àwọn ní Bàrígà, káàdì yẹn ló máa gbà wọ́n. Ẹnu ọ̀nà ọsibítù ni wọ́n ti máa ń gbọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù, ẹni mẹ́fà ló wà lórí káàdì kan: òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Bàbá kò sí níbẹ̀, ìyá kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi òbí kún un, owó ọ̀tọ̀ ni yóò san. Àwọn ètò aládàáni kan ń gba òbí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ní ọjọ́ orí tí wọn kì í gbani mọ́ bí èèyàn bá ti kọjá rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ogbó gan-an ni ara ń béèrè owó. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, orúnkún, ojú, àti ìtọ̀ tí kì í dà dáadáa lára ọkùnrin: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí ibà. Oògùn ojoojúmọ́ ni. Ní Nàìjíríà, nínú 100 náírà tí wọ́n bá ná lórí ìlera, ó lé ní 70 tó jẹ́ pé àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ló ti ń jáde, lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àìsàn àgbà kan fi ń tú ìsọ̀ ká, tí ó fi ń mú kí ọmọ ta ọkọ̀.

Òfin ti dá wọn mọ̀

Ọdún 1999 ni wọ́n ṣe òfin adójútòfò ìlera àkọ́kọ́, ọdún 2005 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ orúkọ NHIS. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun tó sọ NHIS di NHIA, tó sì sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Òfin yẹn dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára. Àwọn tó sì dárúkọ ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aboyún, àwọn arúgbó, àwọn tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ, àti àwọn aláìní. Arúgbó wà nínú àkọsílẹ̀ náà kedere. Ṣùgbọ́n kí òfin dárúkọ ènìyàn, kí wọ́n sì fi káàdì lé e lọ́wọ́, ọ̀nà wọn jìn síra. Owó gbọ́dọ̀ wọ inú àpò yẹn kí ẹnikẹ́ni tó lè jẹ àǹfààní rẹ̀.

L'Ékòó, Gómìnà Babatunde Fashola ló buwọ́ lu òfin ètò ìlera ìpínlẹ̀ ní 2015. Oṣù kejìlá 2018, nígbà Akinwunmi Ambode, ni ètò náà gbéra. LASHMA ni àjọ tó ń bójú tó o, Ìlera Èkó sì ni orúkọ tí ará ìlú mọ̀ ọ́n sí. Ní oṣù keje 2024, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fi àṣẹ sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀.

Owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni 8,500 náírà lọ́dún fún ẹnì kan, àti 40,000 fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà. Ó ti gbówó lórí láti ìgbà náà, nítorí náà ẹ má fi iye àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń pín kiri lórí WhatsApp ṣe ìṣirò. LASHMA tàbí ibi ìforúkọsílẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti béèrè. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà yẹn náà kò yàtọ̀ sí ti òṣìṣẹ́: bàbá, ìyá, ọmọ kéékèèké mẹ́rin. Kò sí àyè fún ìyá àgbà. Àgbà kọ̀ọ̀kan ni yóò forúkọ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Bí tọkọtaya bá sì ti dàgbà, tí àwọn ọmọ ti lọ ilé ọkọ tàbí ti ní ilé tiwọn, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ètò ìdílé fún wọn. Ní iye 2018 yẹn, ẹni méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jẹ́ 17,000, ètò ìdílé jẹ́ 40,000.

Ẹni tí kò lówó rárá ńkọ́? Òfin Èkó ní kí wọ́n yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n fi san owó àwọn aláìní. Ìjọba àpapọ̀ náà ní irú rẹ̀ lábẹ́ òfin ìlera ti 2014: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, tí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ń gba ọwọ́ NHIA lọ sí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fún ìtọ́jú àwọn aláìní ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé. Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni wọ́n ń wò, àìní ni. Kí ẹbí tó bá fẹ́ béèrè fún àgbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé tó wà ní àdúgbò, kó sì mú NIN àgbà náà dání.

"Ṣebí ọ̀fẹ́ ni fún arúgbó?"

Gbólóhùn yìí ti fa omijé. Òótọ́ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi ní ìlànà ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ti lé ní ọdún 60 àti ọmọ tí kò tíì pé 12 ní ọsibítù ìjọba. Àwọn èèyàn gbọ́ "ọ̀fẹ́", wọn ò béèrè pé ọ̀fẹ́ kí ni. Kí dókítà rí ẹ lọ́fẹ̀ẹ́ kò sọ pé oògùn wà ní fèrèsé ilé oògùn lọ́jọ́ náà, kò sì sọ pé iṣẹ́ abẹ tàbí àyẹ̀wò ńlá wà nínú rẹ̀. Ìlérí ìpínlẹ̀ sì ni, kò de ọsibítù ìjọba àpapọ̀. LUTH ní Ìdí-Àràbà, ọsibítù eegun ní Ìgbóbì, àti FMC Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta, ti àpapọ̀ ni gbogbo wọn. Àgbà tó bá gbé "mo ti lé lọ́gọ́ta" lọ bá akáwó ní Ìgbóbì yóò sanwó bí gbogbo èèyàn. Ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ jẹ́ kí àgbà yín wà láìní ìforúkọsílẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń ní "oògùn ti tán, ẹ lọ rà á níta"

Ẹ̀sùn yìí ló pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ní káàdì. Wọ́n máa ń rò pé ìkà nọ́ọ̀sì tàbí olè apòògùn ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbì kan, ṣùgbọ́n ìdí tó jinlẹ̀ jù wà nínú bí owó ṣe ń rìn, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n yóò mọ bó ṣe máa yan ọsibítù.

Ọ̀nà méjì ni owó ń gbà dé ọsibítù. Ọ̀kan jẹ́ owó orí, tí wọ́n ń pè ní capitation: lóṣooṣù, wọ́n ń san iye kan fún ọsibítù tí ẹ yàn lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, yálà ó yọjú lóṣù yẹn tàbí kò yọjú. Ìkejì ni owó iṣẹ́: iṣẹ́ abẹ, oorun wọ́ọ̀dù, dókítà àgbà, èyí tí wọ́n ń san bí wọ́n bá ṣe é tán. Lábẹ́ NHIA, 750 náírà ni owó orí fún ọjọ́ pípẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ di 1,450.

Ẹ gbé 1,450 yẹn sí ẹ̀gbẹ́ oṣù kan ìyá ẹni ọdún 68 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Amlodipine, wóró kan láràárọ̀: 30. Lisinopril, wóró kan: 30. Metformin, láàárọ̀ àti lálẹ́: 60. Wóró 120 nìyẹn, láìtíì ka ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa yẹ̀ wò kó tó jẹun láàárọ̀. Kò sí ilé oògùn kan l'Ékòó tó máa kó wóró 120 yẹn fún un ní 1,450 náírà. Lóṣooṣù ni ọsibítù ń pàdánù lórí ìyá yìí.

Ta ló wá ń san ìyókù? Àwọn ọ̀dọ́ tó forúkọ sílẹ̀ tí wọn kò wá ni. Ibi tí 1,000 èèyàn bá ti forúkọ sílẹ̀, 1,450,000 ló ń wọlé lóṣù. Bí 150 nínú wọn bá jẹ́ àgbà tó ń gba oògùn, 850 tó kù lè gbé wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí 60 péré bá ti forúkọ sílẹ̀, tí 45 nínú wọn jẹ́ àgbà, 87,000 ni gbogbo owó oṣù náà. Ó dà bí àjọ tí gbogbo ẹni tó ń dá a fẹ́ kó o lọ́sẹ̀ kan náà. Alájọ kò ní jalè kí ó tó tú.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ orúkọ ọsibítù sílẹ̀ fún àgbà, ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sí tábìlì adójútòfò pé èèyàn mélòó ló forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó dára. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí fèrèsé ilé oògùn, ẹ bi wọ́n ní orúkọ àwọn oògùn tí àgbà yín ń lò pé, "Ṣé ó wà lónìí?" Kí ẹ má béèrè pé ṣé ẹ máa ń ní in. Ibi tí amlodipine kò bá sí lọ́jọ́ lásán, kò ní sí i lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀.

Ìdí kejì tí oògùn fi ń "tán" ni orúkọ tí dókítà kọ. Orúkọ oògùn gan-an ni ètò adójútòfò ń sanwó fún, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ kan fi tà á. Bí dókítà bá kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó gbówó lórí, apòògùn yóò ní kò sí, nígbà tí oògùn kan náà wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú páálí mìíràn. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ ní kó kọ orúkọ oògùn gan-an, tí wọ́n ń pè ní generic. Àwọn tó wà lábẹ́ ètò òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní láti mọ̀ pé àwọn náà ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn láti san lọ́wọ́ ara wọn. Ìlànà ni, kì í ṣe ìrẹ́jẹ.

Ohun kékeré kan tún wà tó ń pa àgbà lára púpọ̀. Ọ̀pọ̀ páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ wóró 28, oṣù sì jẹ́ 30 tàbí 31. Dókítà yóò ní kí ìyá padà wá lẹ́yìn oṣù kan, oògùn yóò tán ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ìyá yóò sì fi ara dà á fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Kó tó dé iwájú nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ ti ru sókè. Dókítà yóò rò pé oògùn kò ràn án, yóò fi òmíràn kún un. Ẹ ní kí wọ́n fi ìpadàbọ̀ sí ọjọ́ 26.

Ìforúkọsílẹ̀: NIN ló ń dá ọ̀pọ̀ àgbà dúró

NIN, fọ́tò àti nọ́ńbà fóònù ni wọ́n máa ń béèrè. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ wàhálà àgbà wà nínú rẹ̀.

Ìka. Ọwọ́ tó ti fọ aṣọ, tó ti gún iyán, tó ti bó ẹ̀gẹ́ fún ogójì ọdún, ẹ̀rọ kì í rí ìlà rẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́ ìyá náà, ẹ nù ún, ẹ fi ìpara díẹ̀ ra orí ìka, ẹ jẹ́ kó wọra, kí wọ́n tó tún un tẹ̀. Kí wọ́n sì gbìyànjú gbogbo ìka, kì í ṣe àtàǹpàkò nìkan.

Orúkọ. "Alhaja" àti "Ìyá Bọ̀dé" kì í ṣe orúkọ, síbẹ̀ wọ́n wà lórí NIN àwọn kan. Bí orúkọ orí NIN bá yàtọ̀ sí ti orí káàdì ọsibítù, tábìlì adójútòfò lè kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ ìbí. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n máa ń kọ fún un, pẹ̀lú ọdún tí akọ̀wé bá fojú dá. A ti rí ìyá tí NIN sọ pé ó jẹ́ ẹni ọdún 52 nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ ti pé 50. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ àǹfààní kankan tó bá wà fún ẹni ọgọ́ta ọdún. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí ń náni lówó, ó sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àjọ ìkànìyàn, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nísinsìnyí tí ara le, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé ọsibítù.

Fóònù. Nọ́ńbà ọmọ-ọmọ ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀. Bí ọmọ náà bá pààrọ̀ láìnì, gbogbo ìkìlọ̀ àti kóòdù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ti sọnù. Ẹ lo nọ́ńbà ẹni tó ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú àgbà, ẹni tí kì í pààrọ̀ nọ́ńbà.

Ní ti yíyan ọsibítù, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ fi ìyá tó ń gbé Bàrígà sí ọsibítù tó súnmọ́ ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Victoria Island. Ta ló máa gbé àgbà gun Third Mainland Bridge lóṣooṣù nítorí àtiwọn ẹ̀jẹ̀ ríru? Lẹ́ẹ̀kejì kò ní lọ mọ́. Ibi tí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lè gbé e dé ni kí ẹ yàn: ẹni tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó kó wo ọsibítù ìjọba ní Odan, ẹni tó wà ní Yábàá kó wo Harvey Road, ẹni tó wà ní Sùúrùlérè kó wo Randle, ẹni tó wà ní Múṣin kó wo Múṣin. Ẹ wo àkọsílẹ̀ LASHMA bóyá ibẹ̀ wà lára àwọn tó ń gba ìforúkọsílẹ̀ lásìkò yìí. Ẹ tún wo àtẹ̀gùn. Ibi tí yàrá dókítà bá wà lókè kejì tí kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè, orúnkún àgbà kò ní gbà á.

Kóòdù

Ẹ ò lè gbé káàdì lọ tààrà sí ọsibítù ńlá bíi LUTH tàbí LASUTH. Ọsibítù tí ẹ yàn ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ibẹ̀ yóò kọ lẹ́tà tó ń darí yín lọ, HMO tàbí àjọ tó ń bójú tó ètò yín yóò sì fún yín ní kóòdù. Láìsí kóòdù yẹn, ọsibítù ńlá kò ní rí owó rẹ̀ gbà, nítorí náà ẹ̀yin ni wọ́n máa ní kí ẹ san án. Ẹ má kúrò ní ọsibítù àkọ́kọ́ kí kóòdù tó jáde. Ẹ jókòó síwájú tábìlì náà. Lábẹ́ NHIA, láti oṣù kẹrin 2025, wákàtí kan péré ni HMO ní láti fi fún yín ní kóòdù. Ẹ kọ aago tí wọ́n béèrè fún un sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé fóònù. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ẹjọ́, ohun tí wọ́n máa bi yín nìyẹn.

Ibi tí ó ti ń yọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni pé kóòdù kan kì í ṣe fún ohun gbogbo. Ó mọ ọsibítù kan, ó mọ iṣẹ́ kan. Bí kóòdù bá jẹ́ ti kí dókítà ojú rí bàbá, tí dókítà náà wá ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, kóòdù tuntun ni. Bí wọ́n bá ní kí ó sùn sí wọ́ọ̀dù, òmíràn tún ni. Ẹbí tí ojú ń kán yóò yọ owó, wọn yóò ní "a ó gbà á padà tó bá yá." Ó ṣòro kí owó tó ti ṣáájú kóòdù padà.

Pàjáwìrì yàtọ̀. Bí ẹnu àgbà bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, tí apá kan kò gbé, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ẹ má wá lẹ́tà kankan, ọsibítù tó súnmọ́ jù ni kí ẹ gbé e lọ. Abala 20 òfin ìlera ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Bí wọ́n bá ti gbà á tán, kí ọmọ kan pe HMO lọ́jọ́ náà gan-an, kó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí kò sí níbẹ̀

Awò ojú, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, eyín àtọwọ́dá, pampa àgbà, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú àgbà nínú ilé: ẹ má gbé owó wọn lé adójútòfò ìjọba. Kíndìnrín tó ti dákẹ́ ló burú jù, torí pé ẹ̀jẹ̀ fífọ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ títí ayé, àwọn ètò wọ̀nyí sì máa ń fi òdiwọ̀n sí iye ìgbà tí wọ́n máa san. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ dín owó ẹ̀jẹ̀ fífọ kan kù láti 50,000 sí 12,000 náírà ní àwọn ọsibítù rẹ̀ kan, FMC Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta àti LUTH sì wà lára wọn. Ẹni tó ní aláìsàn kíndìnrín nílé kó béèrè níbẹ̀ kó tó lọ sí ti aládàáni.

Àwọn tó ní ọmọ ní Amẹ́ríkà máa ń béèrè nípa Medicare, adójútòfò ìlera ti ìjọba ibẹ̀. Ẹni ọdún 65 sókè ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Apá tó jẹ́ ti ọsibítù kì í gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ ẹni tí òun tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ san owó ìjọba (tax) níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Òbí tó fi green card wọlé láìṣiṣẹ́ rí gbọ́dọ̀ ti gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún gbáko kó tó lè sanwó wọ inú rẹ̀. Ẹni tó fi físà ìbẹ̀wò lọ kò ní ìpín, kò sì sí bí Medicare ṣe máa san owó ọsibítù Èkó.

Káàdì Ìlera Èkó jẹ́ ti ọdún kan. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá lọ láìsan tuntun, ó lè di pé ẹ ó dúró fún ìgbà kan lẹ́yìn tí ẹ bá san kí ìtọ́jú tó tún bẹ̀rẹ̀, oògùn oṣù yẹn sì ti di ti àpò yín. Ẹ fi báírò kọ ọjọ́ tí ó máa parí sára ike tí ìyá ń kó oògùn sí, kí ẹ sì san owó tuntun nígbà tó bá ku oṣù kan.